Ọ̀wẹ̀ Nínú Ogun Ẹlòmíràn

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà mẹ́ta ni ọwọ́ ẹlòmíràn ń gbà wọ oko ẹni. Àkọ́kọ́ ni àáró: ẹ bá mi kọ ebè tèmi lónìí, mo bá yín kọ tiyín lọ́túnla, kò sì sẹ́ni tó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè. Èkejì ni ọ̀wẹ̀: iṣẹ́ pọ̀ ju agbára mi lọ, mo ránṣẹ́ sí ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́, wọ́n gbé ọkọ́ wọn dé, èmi náà sì gún iyán, mo gbé ẹmu kalẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àgbàṣe. Ìyẹn kò wá ìbátan. A ti dá iye owó kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀, bí oòrùn bá sì wọ̀, kálukú a gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Àwọn baba ńlá wa mú ìlànà yìí dé ojú ogun. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877 tí kò sì parí pátápátá títí di 1893, àwọn Èkìtìparapọ̀ ránṣẹ́ pe Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé Ìjẹ̀ṣà kó wá ṣe olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ń gbé Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran àwọn tó ti Sierra Leone padà bọ̀, dá owó jọ, wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sójú ogun. Ọ̀wẹ̀ gidi nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ló ké, ẹ̀jẹ̀ ló sì jẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí mo ti ń rò láti ìgbà pípẹ́, tí n kò rí ibi tí mo lè tò ó sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wọ inú ogun ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọn kò bí i sí ọ̀kankan nínú wọn. Kì í ṣe owó ló sì ń lé kiri.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ orúkọ Ọ̀rẹ̀ kò ní ṣàì rántí ọ̀rọ̀ táwọn àgbà máa ń sọ: "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Oṣù kẹjọ ọdún 1967 ni àwọn ọmọ ogun Biafra, ilẹ̀ ìlà-oòrùn tó fẹ́ yapa kúrò lára Nàìjíríà, gba Benin kọjá tí wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn padà níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, bàálù Fokker kan tí Biafra rán wá bú gbàmù lókè Èkó. Lẹ́yìn ìyẹn, ogun jìnnà sí wa díẹ̀díẹ̀. Ó di ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì odò Ọya.

Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1969, àwọn bàálù kéékèèké kan yọ lójijì sí pápákọ̀ òfurufú Benin, wọ́n fò rẹlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gé orí igi, wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì pòórá. Ọjọ́ méjì ṣáájú, wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Port Harcourt. Ẹni tó kó wọn jọ, tó sì ṣètò ìkọlù náà, kì í ṣe ọmọ Igbo, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Áfíríkà. Ọmọ Sweden ni, ẹni ọdún 59, Carl Gustaf von Rosen lorúkọ rẹ̀. Òun ni ọkùnrin tí mo ń wí.

Báwo ni ọ̀nà ṣe ti ilẹ̀ yìnyín jáde sí Benin? Ká bá a rìn láti ilé baba rẹ̀.

Sweden wà ní òkè téńté ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí ọ̀sán ti máa ń kúrú nígbà òtútù, tí odò àti adágún sì máa ń dì gbagidi débi pé bàálù lè balẹ̀ lórí wọn. Ọdún 1909 ni wọ́n bí i sínú ìdílé olóyè, oyè tí wọ́n ń bí mọ́ ènìyàn, bí a ṣe ń bí ọmọ sílé ọba. Ilé wọn ni ilé ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Rockelstad, létí adágún Båven. Eric ni bàbá rẹ̀, arìnrìn-àjò tó ti rìn dé àárín gbùngbùn Áfíríkà. Lọ́dún 1918, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Finland tó múlé gbe Sweden, Eric yìí ra bàálù kan, ó sì fi ta ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà lọ́rẹ. Láti orí ẹ̀bùn yẹn ni àwọn ọmọ ogun òfurufú Finland ti ń ka ọjọ́ ìbí wọn. Nítorí náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Carl Gustaf nígbà tó kọ́kọ́ rí i pé ènìyàn lè gbé bàálù fún ogun ẹlòmíràn.

Ní oṣù kejì ọdún 1920, awakọ̀ òfurufú ará Jámánì kan gbé Eric wálé láàárín ìjì yìnyín, ó sì balẹ̀ sórí adágún tó ti dì. Hermann Göring lorúkọ àlejò náà. Inú ilé yẹn ló ti pàdé Carin, àbúrò ìyàwó Eric, tó sì fi ṣaya lẹ́yìn náà. Göring yìí kan náà ló di olórí àwọn ọmọ ogun òfurufú Hitler. Eric pàápàá gbè lẹ́yìn irú ìṣèlú Hitler ní Sweden. Ọmọ rẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ó ti nira tó láti dìde láàárín agbo ilé kó o sì gba ọ̀nà mìíràn lọ, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré.

Ogun àkọ́kọ́ tó pè é wà nílẹ̀ Áfíríkà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1935, Ítálì gbógun wọ Ethiópíà, orílẹ̀-èdè tí àwọn bàbá wa ń pè ní Abisíníà. Ọ̀ràn náà dun àwọn ará Èkó débi pé wọ́n pe ìpàdé ńlá, wọ́n sì dá owó ìrànlọ́wọ́, nítorí ilẹ̀ ènìyàn dúdú tó ṣì ń jọba ara rẹ̀ ni òyìnbó fẹ́ gbà yìí. Ní Sweden, ẹgbẹ́ Red Cross rán àwọn dókítà lọ. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá, bàálù Ítálì ju bọ́ǹbù sórí ibùdó ìtọ́jú wọn ní Melka Dida. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kú, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ará Sweden náà sì kú. Von Rosen fi bàálù kékeré kan sin ẹgbẹ́ náà. Ó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́, ó sì ń kó oògùn. Àwọn ọmọ ogun Ítálì ń fọ́n gáàsì olóró láti ojú sánmà, irú èyí tó ń bó awọ ara bí omi gbígbóná. Ó jó òun náà.

Mo fẹ́ ká fi àmì sí ibí yìí. Ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ kò ní ìbọn nínú. Ó rí ohun tí bàálù lè ṣe fún ènìyàn, ó sì rí ohun tó lè ṣe sí wọn, nínú oṣù díẹ̀ péré. Àpá méjèèjì ló gbé padà sílé, kò sì sí èyí tó jinná nínú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló di awakọ̀ fún KLM, ilé iṣẹ́ bàálù àwọn ará Holland. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1939, Rọ́ṣíà kọlu Finland. Àwọn ará Finland kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Àwọn ará ilẹ̀ alágbára tó ń gbógun bọ̀ lé ní mílíọ̀nù 160. Ìjọba Sweden kò fẹ́ wọ ogun náà ní gbangba, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ń sọdá. Nǹkan bí 8,000 ló lọ. Àwọn olùyọ̀ǹda ara Sweden tilẹ̀ dá ikọ̀ òfurufú kan sílẹ̀, F 19, tó ní bàálù ìjà Gladiator 12 àti bàálù Hart 4, tí wọ́n sì ń ṣọ́ àríwá Finland nínú òtútù tó lè mú kí epo ẹ́ńjìnnì ki bí ọ̀dà.

Von Rosen kò sí nínú ikọ̀ yẹn. Ó ní ètò tirẹ̀. Wọ́n ra bàálù DC-2 kan, irú èyí tó ń gbé èrò 14, bàálù tí ènìyàn máa ń jókòó sí nínú ìrọ̀rùn tí wọ́n á gbé tíì fún un. Wọ́n tú àga rẹ̀, wọ́n so ibi ìfibọ́ǹbùsí mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1940, ó fi ju bọ́ǹbù sórí ọ̀tá Finland. Ìrìn ìjà kan ṣoṣo tí bàálù náà rìn nìyẹn; ní ọjọ́ 13 oṣù náà, ogun parí, Finland sì fi apá kan ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ṣì tọ́jú bàálù náà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Tikkakoski dòní. Bàbá fi bàálù ta Finland lọ́rẹ lọ́dún 1918. Ọdún 22 lẹ́yìn náà, ọmọ gbé bàálù wá, ó sì wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, Haile Selassie, ọba Ethiópíà tó ti padà sórí ìtẹ́, fẹ́ dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú tirẹ̀ sílẹ̀. Von Rosen ló pè. Láti 1946 títí di 1956, ó wà ní Bishoftu, kò jìnnà sí Addis Ababa, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Ethiópíà bí a ti ń fò àti bí a ti ń tún bàálù ṣe. Ọdún mẹ́wàá yìí kò ní ariwo, àwọn tó ń kọ̀tàn rẹ̀ sì máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Èmi kò lè sáré kọjá. Nínú gbogbo ohun tó ṣe, ibẹ̀ nìkan ló ti fi ọkọ́ lé olóko lọ́wọ́, tó sì dúró tì í títí ó fi mọ̀ ọ́n dì mú.

Ká wá padà sílé. Lọ́dún 1968, ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti gba Port Harcourt, wọ́n sì ti yí Biafra ká. Oúnjẹ kò rí ọ̀nà wọlé. Àwọn ọmọdé ń kú lójoojúmọ́. Ikùn wọn wú, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, irun wọn pọ́n nítorí àìjẹ oúnjẹ gidi. Àwọn ìjọ Kristẹni láti òkè òkun ṣètò bàálù láti erékùṣù São Tomé. Òru ni wọ́n ń fò, wọ́n sì ń balẹ̀ sí Úlì, lẹ́bàá Ìhìálà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Úlì ti rí, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé pápákọ̀ gidi ni. Ọ̀nà títì ni, títì ọlọ́dà tí mọ́tò ń gbà, tí wọ́n fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Wọ́n máa ń tan iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí bàálù lè rí ilẹ̀, wọ́n á sì pa á, nítorí bàálù ìjọba ń rábàbà lókè pẹ̀lú bọ́ǹbù. Àwọn awakọ̀ ń balẹ̀ sínú òkùnkùn, wọ́n ń já ẹrù kíákíá, wọ́n sì ń gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Nínú ẹrù wọn ni pańla wà, pańla tí à ń rà lọ́jà títí dòní. Láti Norway ló ti ń wá nígbà náà, ó sì gba ẹ̀mí là.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 1968, ìbọn tí rédà ń darí le débi pé àwọn bàálù dúró. Von Rosen, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Transair ní Sweden nígbà náà, ló ṣí ọ̀nà. Rédà dà bí ẹni tó dúró sórí òkè tó ń wo ìgbẹ́: ó ń rí ohun tó bá yọrí, ṣùgbọ́n ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ koríko lè kọjá lábẹ́ ojú rẹ̀. Ó gbé DC-7 ńlá, bàálù ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn pa ewé igi, ó sì kó oúnjẹ dé Úlì. Àwọn awakọ̀ yòókù rí i pé ó ṣeé ṣe, ọ̀nà sì tún là. Kí ogun tó parí, àwọn bàálù ìjọ ti rìn lọ sí Úlì ju ìgbà 5,000 lọ, wọ́n sì ti kó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹrù.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí, orin ìyìn nìkan la ò bá máa kọ fún un. Kò dúró níbẹ̀. Àlàyé tó ṣe fún ayé ni pé oúnjẹ nìkan kò tó. Ọmọ tí a bọ́ yó lónìí, bọ́ǹbù lè pa á lọ́la, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gbà á là gbọ́dọ̀ ba bàálù tó ń ju bọ́ǹbù jẹ́ nílẹ̀. Ó wá bàálù MFI-9B márùn-ún. Kò sí ẹni tó rí bàálù yìí tó máa fi ogun pè é: ó kéré, ènìyàn méjì péré ló ń gbà, fífẹ̀ láti apá kan dé èkejì kò ju mítà méje àbọ̀ lọ, wọ́n sì ṣe é fún àwọn tó ń kọ́ bí a ti ń fò. Ní Gabon, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì so rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà mẹ́fà mọ́ abẹ́ apá wọn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà kò mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ibi tí imú bàálù bá kọ sí ló ń lọ, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjú odindi bàálù sí ohun tó fẹ́ yìn. Àwọn ọmọ Sweden àti ọmọ Biafra ló wà nínú wọn. Lẹ́yìn Port Harcourt àti Benin, wọ́n kọlu Enugu, wọ́n sì kọlu ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Ughelli. "Àwọn ìkókó Biafra" ni ayé ń pè wọ́n.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, bàálù ìjà Nàìjíríà yìnbọn mọ́ DC-7 kan tó ń kó oúnjẹ fún Red Cross, bàálù Sweden, tó ń lọ sí Úlì. Ènìyàn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ kú. Red Cross dá ìrìn-àjò òru dúró. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà so ọ̀ràn yìí mọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì von Rosen, wọ́n ní ó ti jẹ́ kí gbogbo bàálù òyìnbó jọ bàálù ọ̀tá lójú ẹni tó di ìbọn mú. Mo mọ̀ pé ẹni tó yìnbọn ló ni ẹ̀bi ìbọn. Síbẹ̀, mo rò ó pé ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ọ̀nà oúnjẹ ní oṣù kẹjọ ọdún 1968 ló fi ọwọ́ kejì rú omi ọ̀nà náà nínú oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rí ọkàn mi kò jẹ́ kí n pè é ní ológun àgbàṣe. Àwọn yẹn wà nínú ogun wa, ní ìhà méjèèjì, tí wọ́n ń ka owó wọn lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ pàápàá ní òfin. Olóko ló máa ń nawọ́ sí ibi tí a ó kọ, ẹni tó wá ṣe ọ̀wẹ̀ kì í sì í fi àdá gé ohun tí kò ní í wà níbẹ̀ láti tún gbìn. Lẹ́yìn ìkọlù, von Rosen padà sí Sweden. Ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Àwa la kù sí orí ilẹ̀ tó jóná, Igbo, Ẹdó, Ùróbò, Yorùbá àti gbogbo ẹ̀yà, pé ká kọ́ bí a ó ti máa wo ojú ara wa lọ́jà. Ohun tí kò sí nínú ẹrù bàálù kankan nìyẹn.

Ethiópíà ló tún pè é padà. Ìyàn ńlá ti mú ní Wollo láti ọdún 1973, wọ́n sì rọ ọba lóyè lọ́dún 1974. Abúlé pọ̀ lórí àwọn òkè tí mọ́tò kò lè dé, tí kò sì sí ilẹ̀ títẹ́jú tí bàálù lè balẹ̀ sí. Ìdáhùn tó rí ni bàálù kékeré, àbúrò àwọn MFI-9 wọ̀nyẹn. Björn Andreasson, ará Sweden, ló ya àwòrán méjèèjì. Ní abẹ́ apá rẹ̀, níbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti wà nígbà kan, àpò ọkà ló so mọ́ ọn. Ó ń fò rẹlẹ̀ bó ti ṣe fò lọ sí Úlì, ó ń já àpò náà sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abúlé, ó sì ń lọ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sáré jáde wá kó o.

Ẹni ọdún 60 ó lé ni nígbà náà. Ọwọ́ kan náà ni, ojú kan náà, ìmọ̀ kan náà bí a ti ń wọ́ bàálù mọ́ ilẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ apá nìkan ló yàtọ̀.

Ní ọdún 1977, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ethiópíà àti Sòmálíà lórí ilẹ̀ Ogaden. Von Rosen wà ní ìlú Gode níbẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìrànwọ́, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìhà Sòmálíà kọlu ìlú náà ní ọjọ́ 13 oṣù keje. Wọ́n pa á nílẹ̀, kì í ṣe lójú sánmà. Ẹni ọdún 67 ni. Wọn kò gbé e padà sí etí adágún Båven. Addis Ababa ni wọ́n sin ín sí, ní ìlú tó kọ́kọ́ dé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 26 pẹ̀lú bàálù tí kò ní ìbọn.

Ọ̀wẹ̀ máa ń parí nírọ̀lẹ́. A fọ ọwọ́, a jẹ iyán, a kí olóko, ká tó gbé ọkọ́ lé èjìká. Ẹni tó bá sùn mọ́jú sí oko náà, tí òjò oko náà pa, tí wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ fún nígbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó tún ń pè é ní ẹni ọ̀wẹ̀ mọ́. Ní Benin, àlejò ni von Rosen. Ní Ethiópíà, ó di ọmọ onílẹ̀.